Àkísà Tó Gba Fìlà Olóyè

Bópẹ́títí, ajá kékeré tí Morádékẹ́ ń sìn nínú yàrá tó háyà, gbé fìlà Olóyè Fágbàmígbé tó ni ilé, ó sì sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Olóyè fìdí kalẹ̀ sórí àga Morádékẹ́, ó bu omi sí ife, ó ní, “Bí mo bá mu omi yìí tán tí fìlà mi ò tíì dé ọwọ́ mi láìya, ìwọ àti ajá ẹ jáde nílé mi lónìí.” Àwọn ayálégbé yòókù wọlé, wọ́n fi ìgbálẹ̀ gún ajá, wọ́n pariwo lé e lórí, ṣùgbọ́n ṣe ló ń ju ìrù, torí eré náà ló kúkú ń wá. Morádékẹ́ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé àkísà ìnulẹ̀ mọ́ àyà, ó ń kẹ́ ẹ bí ọmọ tuntun: “Àkísà mi ọ̀wọ́n, ajá kankan ò ní fojú kàn ọ́!” Ó ṣẹ́jú sí àwọn yòókù, àwọn náà rọ̀gbà yí àkísà ká, wọ́n ń ṣe háà. Kíá ni Bópẹ́títí sọ fìlà kalẹ̀, ó jáde, ó fò mọ́ àkísà. Morádékẹ́ gbọn fìlà, ó kúnlẹ̀ níwájú àga láti fi lé Olóyè lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àga ti ṣófo. Olóyè ti wà láàárín èrò tòun ti ife omi, ó ń na ọrùn: “Ẹ sún, ẹ jẹ́ n rí i ná! Kí ló wà lára àkísà yẹn?”