Ọṣẹ Ìdí Ọkọ̀

Jímọ̀ ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ sọ fún Sáúdátù. Kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró síwájú àtẹ ọṣẹ rẹ̀, ó ní, "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ọkọ̀ yín ti kú sórí òkè Àlùkò."

Ọṣẹ já bọ́ lọ́wọ́ Sáúdátù. "Awakọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Làmídì wà láàyè. Ó jókòó sórí òkúta, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀. Ọkọ̀ ló kú."

"Alihamudulilai," ni obìnrin náà wí. Ó ṣa ọṣẹ rẹ̀ nílẹ̀, ó nù ún mọ́ ìró. Kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ikú ọkọ̀ ló ṣe ń dúpẹ́.

Ọkọ̀ akẹ́rù yìí nìkan ni Búsàrí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ tó ṣeé fọwọ́ bà. Ó rà á lọ́wọ́ Àlàájì Gàníyù ará Ìlẹ́ṣà, ó san ìdajì owó, ó ní ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò ru ẹrù tí òun yóò fi san ìdajì yòókù. Kò pẹ́ sígbà náà ni àìsàn gbé e lọ. Àwọn ẹbí jókòó, wọ́n ní kí Làmídì, àbúrò olóògbé, máa wa ọkọ̀ náà, kí èrè rẹ̀ máa san gbèsè, kí ìyókù máa bọ́ opó àti àwọn ọmọ. Sáúdátù gbà. Kí ni kò ní gbà? Èrè orí ọṣẹ kò tó ra iyọ̀ ọbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: Làmídì kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olè. Àìsàn tirẹ̀ ni pé ó fẹ́ràn ohun tó ń dán. Láràárọ̀ ló ń fọ ọkọ̀ náà, tó ń nu gíláàsì, tó ń fi epo pa táyà títí yóò fi máa kọ mọ̀nà. Ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, nítorí náà Adúmáadán ni Sáúdátù sọ ọ́. Òun náà ń pè é ní Ìyàwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sáúdátù ti ń dá ọjà ná nígbà tí òun ṣì ń tọ̀ sórí ẹní.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọkọ̀ tó kú, Làmídì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sídìí àtẹ lemọ́lemọ́.

"Ìyàwó, ẹ gé ọṣẹ fún mi."

"Adúmáadán, ọṣẹ àná ńkọ́?"

"Ó ti tán sára ọkọ̀."

"Ṣé ọkọ̀ lò ń fọ̀ ni àbí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé?"

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, Sáúdátù á sì gé e fún un lára ọṣẹ gígùn, kò ní gba kọ́bọ̀. Inú rẹ̀ ń dùn ni. Ó ń rò ó lọ́kàn pé ẹni tó bá ń fọ nǹkan báyìí, kò lè jẹ́ kó bàjẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló rú u lójú. Níbi tí ọkọ̀ ń sùn nínú àgbàlá, ilẹ̀ ń dúdú. Láràárọ̀ ló ń bá a níbẹ̀, ó dúdú, ó ń yọ̀, bí ọbẹ̀ tó dànù.

"Adúmáadán, kí ló wà nílẹ̀ yìí?"

"Ìyàwó, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ kì í ṣaláìlàágùn. Òógùn ọkọ̀ ni."

Sáúdátù tún rẹ́rìn-ín. Ó bu yanrìn, ó fi bo ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti gbálẹ̀ tán, á bu yanrìn sí òógùn ọkọ̀. Kò bi ẹlòmíràn léèrè.

Ọkàn yìí ló fi gun ẹ̀yìn ọ̀kadà Jímọ̀ lọ sórí òkè. Nígbà tó débẹ̀, ọlọ́gẹ̀dẹ̀ tó ni ẹrù inú ọkọ̀ ti ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, ó ń ṣépè. Ara ọkọ̀ ń dán nínú oòrùn bí ọkọ̀ tuntun. Làmídì kò lè wo ojú Sáúdátù. Ẹsẹ̀ méjì ló yọ lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ Dáúdà mẹkáníìkì.

Dáúdà rá jáde, ó gbé àwo irin ńlá kan lọ́wọ́, ó gbé e síwájú Sáúdátù.

"Kí nìyí?"

"Àwo ọ́ìlì ni, Ìyá. Abẹ́ ẹ́ńjìnnì la máa ń dè é mọ́. Inú rẹ̀ ni ọ́ìlì ń sùn sí. Bí ọkọ̀ bá ti jí, ọ́ìlì á gòkè, á ta sí gbogbo irin lára, á tún ṣàn padà wá sínú àwo. Irin ń gbo irin níbẹ̀ yẹn. Ọ́ìlì ni kì í jẹ́ kí wọ́n jẹ ara wọn."

"Ọ́ìlì ọ̀hún dà?"

Dáúdà fi ìka ha ìsàlẹ̀ àwo náà. Ọ́ìlì kò sí níbẹ̀. Ohun tó yọ ki bí ẹ̀kọ tó sùn, eruku irin sì ń kọ mọ̀nà nínú rẹ̀. Sáúdátù gba ọwọ́ rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tó bá ti ta nǹkan pẹ́, imú rẹ̀ kò lè ṣì í.

"Ọṣẹ mi nìyí," ló wí.

Dáúdà dojú àwo náà délẹ̀. Ó là ní ìdí. Ọṣẹ ojú ibi tó là ti yọ́ lọ, ṣùgbọ́n èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ti gan mọ́ irin, ojú àtàǹpàkò Làmídì sì hàn gbangba lára rẹ̀.

Làmídì dìde. "Òkúta ló lù ú lọ́nà Ìpetu. Nígbà tí táńkì bẹntiróòlù ń jò lọ́dún èṣí, ṣebí ọṣẹ ni mo fi dí i? Ìyàwó, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ yìn mí kiri ọjà?"

Òótọ́ ni. Ó yìn ín kiri ọjà.

"Bẹntiróòlù tutù," ni Dáúdà wí. "Ọṣẹ á dí i. Ọ́ìlì ń gbóná bí epo àkàrà. Ọṣẹ wo ló ń dúró lójú epo àkàrà? Mo sọ fún ọ, Làmídì. Mo ní kí o fún mi ní ọjọ́ kan, kí n tú àwo yìí, kí wẹ́ẹ̀dà fi iná jó o pọ̀."

"Ọjọ́ ọjà ni. Gbèsè wà lọ́rùn wa. Bí ọkọ̀ bá dúró, kí la fẹ́ san fún Àlàájì?"

"Ó ti wá dúró báyìí."

Sáúdátù bi í bóyá ó ṣeé tún ṣe. Dáúdà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ó ní àwọn irin inú ẹ́ńjìnnì ti jẹ ara wọn, wọ́n ti dì pọ̀, ẹ́ńjìnnì mìíràn ni yóò rà, owó rẹ̀ kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí owó ọkọ̀. Làmídì dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, ó tọrọ àforíjì. Àforíjì! Kí ni wọ́n ń fi í sè? Sáúdátù gbé àwo irin náà rù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè.

Ó lọ bá Àlàájì Gàníyù ní Ìlẹ́ṣà. Ó kúnlẹ̀, ó ní ọkọ̀ ti kú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá," ni Àlàájì wí. "Ọkọ yín kú, gbèsè ò bá a lọ. Ṣé ọkọ̀ ló máa wá gbé e lọ?"

Kò bínú sọ ọ́. Ìyẹn ló dunni jù. Bí ẹni ń ka ìye owó ọjà ló ṣe sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Sáúdátù bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ohun tí kò rìn mọ́. Wọ́n fi ọkọ̀ ẹlòmíràn wọ́ ọkọ̀ náà padà sínú àgbàlá. Ó ta táyà, ó ta gíláàsì tí Làmídì nù títí tó fi dán. Ràfátù, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, kúrò nílé ìwé, ó gbé igbá ọṣẹ rù. Làmídì lọ sí Ṣàgámù, ó di ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹlòmíràn, kò sì fi nǹkan kan ránṣẹ́. Èkúté bímọ sórí àga awakọ̀. Ewé hù gba ojú fèrèsé. Láràárọ̀, bí Sáúdátù bá gbálẹ̀ débẹ̀, ilẹ̀ ti gbẹ, kò dúdú mọ́. Ọkọ̀ kò làágùn mọ́. Òun nìkan ló kù tó ń làágùn.

Àwo ọ́ìlì náà ni kò tà. Ó gbé e sórí àtẹ, ó ń to ọṣẹ sínú rẹ̀.

Ràfátù ti di obìnrin lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ lọ́jọ́ tí Àlàájì Gàníyù wá gba owó tó kẹ́yìn. Ó ti darúgbó, awakọ̀ rẹ̀ ló mú un lọ́wọ́ débi àtẹ. Ó kà á, ó tún un kà.

"Ó pé, Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Kò sí nǹkan láàrin wa mọ́. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò."

Sáúdátù kò ṣe àmín.

"Ẹ tà mí ní ọṣẹ kan, kí ọmọ yìí fi fọ ọkọ̀ mi."

"Ṣé fífọ̀ ni, Àlàájì, àbí dídí?"

Àlàájì kò mọ ohun tó ń wí. Sáúdátù da ọṣẹ inú àwo sílẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé, ó fi ibi tó là hàn án, ó fi ojú àtàǹpàkò hàn án. Ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

Àlàájì fi ìka kan ojú àtàǹpàkò náà. "Látọjọ́ yìí wá, ẹ ò fọ̀ ọ́ kúrò?"

"Mo fọ̀ ọ́, Àlàájì. Ojoojúmọ́ ni mò ń fọ̀ ọ́. Omi ojú mi ni mo fi ń fọ̀ ọ́, kò lọ."

Ó gé ọṣẹ fún un, ó gba owó rẹ̀. Awakọ̀ tó dúró tì wọ́n ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé gáréèjì, ibẹ̀ ló gbà dé ẹnu àwọn àgbà, tó fi di òwe tí wọ́n ń pa títí dòní pé: ẹni tó bá fi ọṣẹ dí ìdí ọkọ̀, omijé ni yóò fi fọ̀ ọ́.