Apòògùn Tí Gọ́tà Kan Ọgbà Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Jámánì, apòògùn ni. Láyé ìgbà náà, ẹṣin ló ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù, omi ìdọ̀tí sì máa ń dúró lójú títì. Ọdọọdún ni ìgbẹ́ gbuuru ń bá àwọn ọmọdé jà. Apòògùn po oògùn fún wọn títí ó fi sú u. Ó sọ fún àwọn ará ìlú pé, "Omi yìí ni kí ẹ jẹ́ ká lé lọ. Oògùn mi ò lè borí rẹ̀."

Òun ló kó wọn jọ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í la gọ́tà láti ọjà lọ sí odò. Ó ń wọlé tọ onílé kọ̀ọ̀kan, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀. Opó kan wà tó ń fi aṣọ híhun jẹun. Ilé ewúrẹ́ rẹ̀ dínà gọ́tà. Apòògùn sọ fún un pé ìlú ju ẹnì kan lọ. Obìnrin náà wó ilé ewúrẹ́, ó sì ta ewúrẹ́ méjèèjì, torí kò síbi tí yóò so wọ́n mọ́.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé odò ni bíríkìlà tó ń darí iṣẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù apòògùn.

"Ọ̀gá, inú ọgbà yín ló kàn báyìí."

Ogún ọdún ni apòògùn ti ń gbin ewé oògùn sínú ọgbà náà. Baba rẹ̀ ló gbin igi ápù tó wà láàrin rẹ̀.

"Ẹ yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan," ó ní.

"Bí a bá yà á, omi á dúró síwájú ilé opó."

Apòògùn ń gún oògùn nínú odó kékeré. Kò gbójú sókè. "Ẹ ṣáà yà á."

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ tàn nílùú kékeré. Kí ọjọ́ kejì tó kanrí, opó ti dé. Kò pariwo.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ ní ìlú ju ẹnì kan lọ, mo sì gbà. Ṣé ẹ̀yin kì í ṣe ẹnì kan ni?"

Ó yí padà, ó lọ.

Inú kọ́kọ́ bí apòògùn. Ó ní kí ni obìnrin yẹn mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú tì í. Ó gbé àáké, ó wọ ọgbà lọ, igi baba rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ gé. Ọwọ́ rẹ̀ bó. Nígbà tí bíríkìlà dé, ó bá a hú gbòǹgbò.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ewé oògùn tó hú lọ gbìn síbòmíràn ló kú. Ṣùgbọ́n omi rí ọ̀nà lọ, àìsàn àwọn ọmọdé sì dín kù. Opó kò rí ewúrẹ́ rẹ̀ gbà padà, ṣùgbọ́n kò bínú sí apòògùn mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ni alága àdúgbò wa. Ìwọ lo ní kí olúkúlùkù fa ògiri rẹ̀ sẹ́yìn, kí ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lè wọ àdúgbò. Gbogbo wa la ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù lójú ọ̀nà báyìí, o sì mọ ẹni tó ni ín. Mi ò wá bá ọ jà. Lọ wó o.