Ọkọ̀ Tí Ń Gbọ̀n Tí Eré Bá Pọ̀

Jókòó, Akínkúnmi. Ìtàn ọkọ̀ kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Má já lu ọ̀rọ̀ mi títí n ó fi parí rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ kan. Ọkọ̀ náà ti lé ní ogún ọdún, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní, ẹ̀rọ rẹ̀ kì í sì í pariwo. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìlọrin, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti ń wojú Olúwa. Ọmọbìnrin ló bí. Wọ́n ní tí ọmọ bá pé ogójì ọjọ́, kí ọkùnrin náà wá fi ọkọ̀ gbé ìyá àti ọmọ wálé.

Ọkọ̀ yìí ní ìwà kan. Láàárín ìlú, kò sí ohun tó ń ṣe é. Àmọ́ tó bá dé ọ̀nà márosẹ̀, tí eré bá ti pé ọgọ́rùn-ún, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Sítíárìn á máa jó lọ́wọ́ awakọ̀. Tó bá dẹwọ́ díẹ̀, tó padà sí àádọ́rùn-ún, gbígbọ̀n náà á dáwọ́ dúró. Kí wá ni ọkùnrin yìí ṣe? Ó dẹwọ́. Ó ní òun ti mọ ìwà ọkọ̀ òun.

Ó kúkú gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mẹ́ta ló lọ bá. Ìwọ náà mọ ọgbà àwọn mẹkáníìkì wa, o mọ bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí, kòtò lórí kòtò. Ẹni tí wọ́n fi ìbọn lé gan-an kò lè sáré ọgbọ̀n níbẹ̀. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ wọ inú ọkọ̀, ó wà á dé oríta, ó wà á padà, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Èkejì ṣe bákan náà. Ẹ̀kẹta pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, kó má baà dà bíi pé kò ṣe nǹkan kan. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó gbé ọkọ̀ náà dé ibi tí àìsàn rẹ̀ ti máa ń jí.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní àádọ́rùn-ún. Ọkùnrin náà wá sí ọgọ́rin. Ọkọ̀ tún ń gbọ̀n ní ọgọ́rin, ọkùnrin náà wá sí àádọ́rin, ó sì ń dín in bẹ́ẹ̀ lọ. Tírélà á máa fọn fèrè lé e lẹ́yìn, ọkùnrin náà á yà bàrá sí etí ọ̀nà bí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́. Tí ẹni tó gbé bá bẹ̀rù, á rẹ́rìn-ín, á ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọkọ̀ òun ò ní wàhálà rárá, kí èèyàn má ṣáà ti sáré ni.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, tó ku ọ̀la kó lọ gbé ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, ó rí i pé ọ̀kan nínú táyà iwájú ti rọ̀. Ó yà sọ́dọ̀ bàbá onítáyà kan tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Atẹ́gùn lásán ló fẹ́ kí bàbá náà fẹ́ sí i. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo táyà náà, ó béèrè bóyá ọkọ̀ máa ń gbọ̀n. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìwà ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń ròyìn ọmọ. Bàbá bi í bóyá ọwọ́ tó fi di sítíárìn ló ti ń mọ gbígbọ̀n náà ni, àbí ìdí tó fi jókòó. Ó ní ọwọ́ ni. Bàbá bi í pé eré mélòó ló ń sá nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọgọ́rùn-ún. Bàbá ní, ìsinsìnyí ńkọ́? Ó rò ó díẹ̀, ó ní àádọ́ta. Bí ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni ojú rẹ̀ yí padà, nítorí kò tíì fi ọgọ́rùn-ún àti àádọ́ta síbi kan náà rí.

Bàbá fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó tú táyà náà, ó sì yí ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ síta, ìyẹn apá tó máa ń kọjú sí abẹ́ ọkọ̀, tí onímọ́tò àti ẹni tó ń fọ ọkọ̀ kì í rí. Apá ìta ń dán. Apá inú ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Ó ti là, wáyà inú rẹ̀ sì ti yọ síta. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ kàn án, ó sì yára fà á padà.

Bàbá onítáyà sọ fún un pé, “Ọ̀gá, táyà yìí ti ń pè yín tipẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá pè yín lẹ ń dẹwọ́, kẹ́ ẹ má baà gbọ́ ọ.” Lẹ́yìn náà ló bi í pé, “Ta lẹ fẹ́ fi ọkọ̀ yìí gbé?”

Ọmọ ogójì ọjọ́ ni ọkùnrin náà ń rò, lórí itan ìyá rẹ̀.

Akínkúnmi, o ti sọ fún mi láìmọye ìgbà pé o kì í ṣe oníbìínú. O ní àwọn ará ilé rẹ ti mọ ìwà rẹ. Òótọ́ ni, wọ́n mọ̀ ọ́n. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá rẹ ni ìyàwó rẹ ò gbọdọ̀ dá. Ó pa á tì. Ó wá kan ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ. Ó tún wá di pé kò gbọdọ̀ bi ọ́ níbi tó o ti ń bọ̀. Nísinsìnyí, tí àwọn ọmọ bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ rẹ, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà. O ń pe èyí ní àlàáfíà. Eré ni wọ́n ń dín.

Lánàá, iyọ̀ ni. Iyọ̀! Ìyàwó rẹ ní ṣé kí òun fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ni, o sì gbé abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná jù ú. Mo rí apá rẹ̀ tó bó. Mo ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, mo sì ti rí nǹkan láyé, àmọ́ n kò tíì jẹun láti àná.

Èmi gan-an ni mẹkáníìkì àkọ́kọ́. Nígbà tí bàbá ìyàwó rẹ wá bi èmi àgbà ìjọ nípa rẹ kó tó fún ọ lọ́mọ, mo ní n kò gbọ́ igbe rẹ rí. N kò parọ́. Níbo ni mo ti mọ̀ ọ́? Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ Ìsinmi, tó o wọ aṣọ funfun, tó o ń fi èèyàn sí ìjókòó. Mo wà ọ́ dé oríta, mo wà ọ́ padà, mo sì fi ọmọ ọlọ́mọ sínú ọkọ̀. Ó ń dùn mí dé egungun.

Ọkùnrin ọlọ́kọ̀ yẹn ò rin ìrìn-àjò lọ́jọ́ kejì. Ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ó sọ ohun tó rí fún un láìfi bò. Ó ra táyà tuntun, òun àti bàbá onítáyà sì gbé ọkọ̀ náà dé ọ̀nà márosẹ̀, wọ́n sá a dé ọgọ́rùn-ún, kó tó lọ gbé ẹnikẹ́ni.

Ìyàwó rẹ wà nínú yàrá lọ́hùn-ún pẹ̀lú ìyá àgbà ilé wa. Ó ní tí mo bá ní kó máa bá ọ lọ lónìí, òun á lọ. Mo ní rárá. Má ṣèlérí fún mi pé o ò ní bínú mọ́, mo ti gbọ́ ìyẹn. Yí apá inú rẹ síta, kí èmi àtìwọ jọ wò ó.