Olùkọ́ Tó Ní Òkúta Ni Òun

Ọkùnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé-ìwé girama, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó máa ń sọ fún wọn pé kò sí ohun tó ń ṣàdédé kúrò níbi tó wà. Bí òkúta bá ń yí lọ, nǹkan kan ló tì í, nǹkan mìíràn ló sì ti nǹkan ọ̀hún. Òótọ́ ni ẹ̀kọ́ náà, èmi ò bá a jà.

Nígbà tí bàbá ìyàwó rẹ̀ kú, ọkùnrin yìí kọ̀, kò lọ síbi ìsìnkú. Bàbá náà ló kọ́kọ́ sọ pé òun ò ní fún un lọ́mọ òun nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra, ọkùnrin yìí sì ti di ọ̀rọ̀ náà sínú láti ìgbà yẹn. Ìyàwó nìkan ló dúró ti òkú. Àwọn ẹbí ń bi í pé, "Ọkọ rẹ dà?" Ó ń purọ́ fún wọn pé ara rẹ̀ ò yá.

Nígbà tó padà délé, ó bi ọkọ rẹ̀ léèrè ìdí tó fi dójú ti òun. Ẹ̀kọ́ físíìsì rẹ̀ ni ọkọ fi dáhùn. Ó ní, "Ìyá Ìbíyẹmí, kì í ṣe ẹjọ́ mi. Bí wọ́n ṣe bí mi, bí wọ́n ṣe tọ́ mi, ohun tí bàbá rẹ ṣe sí mi, àwọn ló tì mí. Bí òkúta tó ń yí ni mo ṣe rí. Òkúta kì í yan ibi tó ń lọ." Àwáwí máa ń dùn lẹ́nu ẹni tó bá mọ̀wé.

Obìnrin náà ò jà. Ó ń se oúnjẹ, ó ń gbé e kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kí i mọ́. Ilẹ̀ á mọ́, á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ àga. Bí ọkùnrin náà bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò sí "ẹ kú àbọ̀."

Ọkọ kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé kò kan òun. Nígbà tó yá, ó ń pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ìyàwó lè ráyè kí i. Ó dùn ún gan-an. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó ní, "Kí ló dé tí o kì í kí mi mọ́?"

Obìnrin náà ò gbójú sókè. "Bàbá Ìbíyẹmí, ẹ ní òkúta ni yín. Ta ló ń kí òkúta káàárọ̀?" Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú ẹ̀wà. "Mo wá ẹni tí mo lè bínú sí nínú ilé yìí, mi ò rí i."

Ọkùnrin náà dúró. Bóyá gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí i láti kékeré ló tì í dé ibi tó dúró sí yẹn. Ṣùgbọ́n òkúta kì í retí kí wọ́n kí òun. Àwáwí kan wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa mú èyí tó máa jáde. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ atẹ ẹ̀wà. Ó ní, "Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti lọ ni. Èmi ni mo ṣe é. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ìyàwó ṣa ẹ̀wà náà tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

Wọ́n jọ lọ sílé àna lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó sì bẹ gbogbo ẹbí. Ó ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, kò yí ọ̀kan padà nínú rẹ̀.

Ìwọ tí o wá bá mi lónìí, o ní olóríkunkun ni ìran yín, pé ìyẹn ni kò jẹ́ kí o lè bá àbúrò rẹ sọ̀rọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń tì wá, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ bá lè ti ọwọ́ ẹlòmíràn dé inú àpò, a jẹ́ pé ìwọ náà wà lára ohun tó ń ti ayé. Àbúrò rẹ ò bi ọ́ léèrè ohun tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. "Èmi ni mo ṣe é" ló fẹ́ gbọ́. Má dúró jẹun lọ́dọ̀ mi lónìí. Ilé rẹ̀ ni kí o lọ.