Ìdí Tí Fáìlì Kì Í Fi Kan Eyín Nígbà Àbọ̀

Fáìlì, irin tí a fi ń pọ́n eyín ẹ̀rọ, ṣe ojúsàájú. Ohun tí ó ṣe nìyẹn, kò sì dára.

Nígbà láéláé, kí ènìyàn tó dá sí ọ̀rọ̀ irinṣẹ́, ẹ̀rọ agégi ń dá gé igi fúnra rẹ̀ nínú igbó. Eyín kún ara ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Àwọn kan kọjú sí ọ̀tún, àwọn kan kọjú sí òsì. Bí wọn kò bá mú mọ́, Fáìlì ni ó ń pọ́n wọn. Ó ń pọ́n lálọ, ó ń pọ́n lábọ̀.

Eyín Ọ̀tún wá gbọ́n ọgbọ́n kan. Bí Fáìlì bá ti ń padà bọ̀, wọ́n á kán ọ́ìlì sí i lẹ́nu.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ tọ́ èyí wò.”

Fáìlì tọ́ ọ wò. Ó dùn. Láti ìgbà náà, ó ń pẹ́ lọ́dọ̀ Eyín Ọ̀tún. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ Eyín Òsì, á fẹnu kàn wọ́n lásán, á sì kọjá.

“Ẹ̀gbọ́n, àwa kò tíì mú o,” ni Eyín Òsì wí.

“Ẹ ti mú. Ẹ̀yin ni ẹ kò mọ̀.”

“Ẹ tún wa pọ́n díẹ̀ sí i.”

“Ẹ ṣe sùúrù.”

“Ṣé sùúrù ló ń gé igi ni?”

Fáìlì kọjá lọ sọ́dọ̀ Eyín Ọ̀tún. Ọ́ìlì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ní àkókò yẹn, ẹyẹ Àgbìgbò ti fi ẹrẹ̀ mọ ìyàwó rẹ̀ mọ́ inú ihò igi, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, kí ó lè sàba lórí ẹyin. Ojú ihò tí oúnjẹ ń gbà wọlé nìkan ni ó ṣẹ́kù. Àgbìgbò lọ bá ẹ̀rọ agégi.

“Igi àfàrà tí ẹ fẹ́ gé yìí, ibo ni yóò wó sí? Ìyàwó mi wà nínú igi tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀, kò lè jáde.”

“Ọwọ́ òsì ni. Ibẹ̀ ṣófo. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí gé. Eyín Ọ̀tún ń jẹ igi, Eyín Òsì ń họ ọ́ lásán. Ojú ìgé wọ́ sí ọ̀tún, àfàrà wó sí ọ̀tún, ó sì ya ilé Àgbìgbò. Ẹyin kan fọ́. Èkejì kò fọ́. Ìyàwó Àgbìgbò jókòó lé e.

Bàbá Àáké, àgbà irinṣẹ́, pe gbogbo igbó jọ. Ó yẹ eyín wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Fáìlì, kí ló wà lẹ́nu rẹ?”

“Ọ́ìlì ni, bàbá. Ìgbà tí mò ń padà bọ̀ ni wọ́n fún mi.”

Eyín Ọ̀tún ń wolẹ̀.

“Nígbà náà, o kò gbọdọ̀ kan eyín kankan mọ́ bí o bá ń padà bọ̀. Bí o bá sì ṣe pọ́n ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ni wàá pọ́n òsì. Ẹni tó ń pọ́n kì í gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tí a ń pọ́n.”

Láti ọjọ́ náà ni Fáìlì ti ń pọ́n lálọ nìkan. Bí ẹ bá rí agégi tí ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Á ti fáìlì síwájú, á gbé e kúrò lára eyín, kó tó dá a padà. Bí ó bá sì ṣe fún ọ̀tún, á ṣe bẹ́ẹ̀ fún òsì.

Ṣùgbọ́n kí àwọn èrò tó túká lọ́jọ́ náà, Fáìlì ní láti tọrọ àforíjì. Ó wà ní ìdùbúlẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà Bàbá Àáké ní kí ó kọ́kọ́ dìde, kí gbogbo ayé lè rí i pé ó dọ̀bálẹ̀. Ó dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyàwó Àgbìgbò.

“Ìyá,” ni ó wí, “kì í ṣe àfàrà ló fọ́ ẹyin yín. Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.”