Ògiri Tí Inú Rẹ̀ Ṣì Tutù

Àwa méje la wà níbẹ̀: bàbá mi tó jẹ́ mọlémọlé, ìyá mi tó ń pọnmi, géńdé méjì tó ń fẹsẹ̀ po amọ̀, onílé, ìyàwó rẹ̀, àti èmi tí mò ń gbé ìṣù amọ̀ fún bàbá mi. Èmi nìkan ló kù láyé nínú wa, nítorí náà, bí mo bá ṣe sọ ọ́ ló ṣe rí.

Ọkùnrin kan wà, onílé tí mo wí yìí, tó fẹ́ kó sínú ilé tuntun kí òjò tó dé. Bàbá mi mọ ìpele kìn-ín-ní, ó gbẹ. Ó mọ ìkejì, ó ní kí oòrùn ọjọ́ márùn-ún pa á. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà fọwọ́ gbá ògiri náà.

"Ó ti dúró ṣinṣin. Ẹ gbé ìkẹta lé e."

Bàbá mi ní, "Òde ló gbẹ. Inú rẹ̀ ṣì tutù."

"Ṣé ó ráhùn sí yín ni?"

Àwọn géńdé rẹ́rìn-ín. Bí bàbá mi ti kọjá sóko, onílé ní kí wọ́n gbé ìkẹta lé e. Kí a tó jẹun ọ̀sán, ògiri ti yọ ikùn bí aboyún, ó sì fẹ́ wó. Onílé sáré bu amọ̀, ó fẹ́ fi rẹ́ ojú ikùn náà.

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. "Bàbá Àlàkẹ́, ṣé ìpara ni wọ́n fi ń bo oyún ni?"

Ibẹ̀ ni bàbá mi dé bá wa. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ògiri kò ṣẹ̀. Ẹ sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀." A ṣí ìpele kẹta kúrò, ó fi àdá bẹ́ ikùn náà, a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, a sì dúró. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó kó wọlé, ṣùgbọ́n ilé náà ò wó títí dòní.

Fọ́lọ́runṣọ́, ọmọ ọmọ mi, ọ̀rọ̀ Ìtùnú ọmọ rẹ ni mò ń bá ọ sọ. Láti ìgbà tí ibi tí o ti ń la pákó ti kógbá sílé, òun lò ń ro gbogbo ìṣòro rẹ fún, títí dé ohun tí ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́. O ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, pé ó gbọ́n, kì í ráhùn. Kò ráhùn lóòótọ́. Oúnjẹ rẹ̀ ló ń pín fún àwọn àbúrò rẹ̀, tó ń ní òun ti yó, títí ebi fi gbé e ṣubú lórí ìlà àárọ̀ níléèwé. Ta ló kọ́ ọ? Ìwọ tí ò ń sọ bẹ́ẹ̀ nídìí àwo lójoojúmọ́.

Ọlọ́run ṣeun, a tètè rí i. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ mi. Mo sọ fún un pé owó kò sí, àti pé àwa àgbà la máa wá a, iṣẹ́ tirẹ̀ kọ́. Ó sunkún, ó sì sùn títí ọ̀sán. Lánàá, ó bá mi jà lórí ẹran: "Ìyá Àgbà, ẹ ti mú èyí tó tóbi." Mo gbé e fún un, ara mi sì fúyẹ́.

Má parọ́ fún un pé owó wà. Má sì fi í ṣe ìgbìmọ̀ rẹ mọ́.

Fọ́lọ́runṣọ́, wá mú un ní Sátidé. Bí mo bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, jẹ ẹ́ tán lójú rẹ̀. Má sọ pé o ti yó.