Bí Ìbídùn Ṣe Fọwọ́ Kan Etí

Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Nígbà èwe wa, ọmọ tó bá fẹ́ wọ iléèwé abúlé wa gbọ́dọ̀ na ọwọ́ ọ̀tún gba orí, kí ó fi kan etí òsì. Ìbídùn, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, nà án títí, kò kàn án.

Àwọn ọmọ tó ti wọlé ṣáájú pariwo: "Padà lọ mu ọmú!"

Tíṣà àgbà ní, "Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Omi lé ròrò sójú Ìbídùn. Lójijì ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́, ó sì di etí náà mú gírígírí.

"Ta ló ní kí o tẹ orí?"

"Ẹ ò ṣáà ní kí n má tẹ̀ ẹ́, sà."

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. "Wọlé jàre, kí o tó wá gba àga lọ́wọ́ mi!"